Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Télọ̀ Lára Aṣọ Funfun

Tí ẹ bá fẹ́ bá bàbá mi àgbà jà nígbà ayé wọn, ẹ ò nílò kí ẹ bú wọn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sinmi. Ojú wọn á yí padà, wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á wò yín láti òkè délẹ̀ bíi pé ẹ wá gba máṣíìnì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá ní, "Ìsinmi wà níwájú. Ó pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n ti wà nínú ìsinmi náà báyìí. Àwọn èèyàn ní kí n kọ nǹkan nípa wọn. Mo ní kí ni kí n kọ? Ọjọ́ ìbí? Ilé ìwé? Gbogbo ìyẹn ti wà nínú ìwé ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò tí àwọn fúnra wọn ò fẹ́ràn rí. Ohun tí èmi mọ̀ nípa Bàbá ni ìwà wọn, ẹnu wọn, àti ìjà wọn. Ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi náà sì jogún ẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Télọ̀ ni Bàbá. Télọ̀ pọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó bí iyanrìn, síbẹ̀ tí ẹ bá ti ní Bàbá Télọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé èwo. Aṣọ funfun nìkan ni wọ́n ń rán. Sùtánà ni, aṣọ gbọọrọ tí àwọn ìjọ aláṣọ funfun máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Bàbá fúnra wọn jẹ́ àgbà nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n láti Mushin títí dé Ìwáyà làwọn èèyàn ti ń kó aṣọ wá. Máṣíìnì ni wọ́n fi ń rán ara aṣọ, àmọ́ tó bá di ṣẹ́tí ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni. Mo bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ara wọn. Wọ́n ní, "Ṣẹ́tí tí máṣíìnì bá rán máa ń dúró gbagidi bí ọlọ́pàá. Èyí tí ọwọ́ bá rán máa ń bá èèyàn rìn."

Ẹ má sì gbàgbé pé abẹ́rẹ́ máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Tí ti Bàbá bá bọ́, gbogbo ilé dúró nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Pásítọ̀ kan wá kí wa lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ já bọ́, Bàbá ní kí ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ó ń gbàdúrà fún wa lọ, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, títí tí a fi rí abẹ́rẹ́ náà lábẹ́ ẹní. Nígbà tó lọ tán, Mọ́mì mi ní ojú ti àwọn gan-an. Ojú ò ti Bàbá rárá. "Abẹ́rẹ́ tó bá sọnù," wọ́n ní, "ibi ló ń gbèrò."

Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Bàbá, gọ́tà nìkan ló wà láàárín, ni ti Àlàájì Múfú, alágbàfọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Tí Bàbá bá ti rán sùtánà tán, Àlàájì ló máa fọ̀ ọ́, tó máa ta sítáàṣì sí i, tó máa lọ̀ ọ́, kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹlẹ́sìn Jésù ń rán, mùsùlùmí ń lọ̀, aṣọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí mi. Láti àárọ̀ ni wọ́n á sì ti máa ju ọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí gọ́tà.

"Múfú! Sítáàṣì yìí kéré o! Ṣé o ń tọ́jú ìyókù fún àwọn ará Ìjẹ̀bú ni?"

"Ìwọ Ìjẹ̀ṣà yìí, rán aṣọ ẹ! Ọmọ òṣómàáló, lóṣòó síbẹ̀!"

Bàbá tó bí Bàbá ṣe òṣómàáló lóòótọ́, àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà èèyàn tí wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gba tiwọn. Bàbá ò tajà rí láyé wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti lóṣòó ti ọ̀rọ̀ kan pẹ́nrẹ́n, ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ gbé ìpàdé náà dé Iléṣà, wọn ò ní dìde.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lóṣòó tì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá ni ọ̀rọ̀ ọkàn wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn mẹ́ta-mẹ́rin, wọ́n á dúró, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà. Wọ́n á ní àyà àwọn ń já, pé wàhálà Múfú ni. Mọ́mì mi, ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, fara dà á fúngbà díẹ̀, nígbà tó yá wọ́n pè mí láti Yaba níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti Mọ́mì mi la jọ wọ́ Bàbá lọ sí ọsibítù kan ní Surulere. Dókítà obìnrin kékeré kan ló dá wa lóhùn. Ó di ọrùn-ọwọ́ wọn mú, ó ń gbọ́ ohun tí àwa ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló lẹ wáyà mọ́ wọn láyà, tí ẹ̀rọ sì ya bí ọkàn wọn ṣe ń lù sórí bébà.

"Bàbá," ó ní, "ọkàn yín ò lù bó ṣe yẹ. Á sáré, á falẹ̀, á tún sáré. Kò ní ìlànà kankan."

Bàbá rò ó. "Bíi máṣíìnì tó ń fò? Tó máa rán díẹ̀, tó máa fo díẹ̀, tó tún máa rán?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, sà. Bí mo ṣe máa máa ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó kù nìyẹn."

Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti bẹ̀rù. Dókítà ló wá rán wọn létí. Ó ní tí ọkàn bá ń fò báyẹn, kì í ti gbogbo ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Díẹ̀ lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kó wá dì, bí ògì gbígbóná tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọn ò rò mọ́. Tí ègé kan bá já lára èyí tó dì yẹn, tó gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ò sí nítòsí tí wọ́n lè sá lọ. Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn.

"Ọwọ́ wo ló máa ń mú?"

"Èyíkéyìí tó bá wù ú, sà."

"Kò gbọdọ̀ wù ú," ni Bàbá wí.

A wà nínú mọ́tò tí à ń lọ sílé nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Títí lorúkọ mi, àmọ́ Àbẹ̀ní ni wọ́n máa ń pè mí tí ọ̀rọ̀ bá dénú. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ikú ò bà mí lẹ́rù. Mo ti dàgbà. Kí ọwọ́ mi má ṣáà ṣáájú mi lọ." Ẹ wò ó, mo yíjú síta, mo ń wo àwọn tó ń ta bọ́ọ̀lì bíi pé mo fẹ́ rà á.

Dókítà fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Ó fún wọn ní òmíràn tó máa dẹ eré ọkàn náà lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ka òfin. Wọn ò gbọdọ̀ mu àgbo láìbi òun. Wọn ò gbọdọ̀ ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Tí wọ́n bá ṣubú tí wọ́n fi orí gbá nǹkan, ká gbé wọn wá kíá, kódà tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. Pákò tó le ńkọ́? Ó ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ṣe é, nítorí èrìgì tó bá bó, ẹ̀jẹ̀ á pẹ́ kó tó dá.

Ti àgbo, Bàbá gbà. Ti pákò ni wọ́n lóṣòó tì. Wọ́n ń fi í pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, sábẹ́ ìrọ̀rí, sínú àpò aṣọ oníbàárà tí wọn ò tíì rán tán. Mọ́mì mi di kọ́sítọ́ọ̀mù. Láàárọ̀ ni wọ́n á máa tú ilé, tí Bàbá á jókòó máa wò wọ́n pẹ̀lú sùúrù ẹni tí ẹrù òfin rẹ̀ ti kọjá bọ́dà. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí èyí tó gbẹ̀yìn, Bàbá gba búrọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n yí i po lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Eyín tí mo fi jẹ ẹran ìgbéyàwó mi, ìwọ ìrù ẹṣin yìí lo fẹ́ wá máa gbọn eruku lára ẹ̀."

Tó bá di oògùn náà, wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e mì. Wọ́n á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìwọ kékeré yìí, wọ́n ní o lágbára. Ó dáa. Lọ sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kò sí àga fún un níbẹ̀ o, kó máa rìn." Omi á tẹ̀ lé e. A rò pé a ti bọ́.

A ò tíì bọ́. Abẹ́rẹ́ ni a ò kà sí.

Gbogbo télọ̀ ni abẹ́rẹ́ máa ń gún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi awọ kékeré bo ìka, àmọ́ ọ̀gá tó bá bo ìka, lójú Bàbá, kì í ṣe ọ̀gá mọ́. "Ìka tí a bò," wọ́n máa ń sọ, "kò lè mọ aṣọ." Nígbà kan, tí abẹ́rẹ́ bá gún wọn, ẹ̀jẹ̀ á yọjú, á wo òde, á padà sílé. Láti ìgbà tí oògùn ti dé, ẹ̀jẹ̀ ò kánjú padà mọ́. Ó ń jáde, ó ń kán. Orí aṣọ funfun ló sì ń kán sí. Ẹni tí kò bá mọ ìjọ aláṣọ funfun lè ní kí lèyí jẹ́. Sùtánà kì í ṣe aṣọ òde. Aṣọ àdúrà ni, aṣọ mímọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kàn án. Télọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń kán ẹ̀jẹ̀ sí sùtánà ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ká ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí sínú, wọ́n kó aṣọ kọjá gọ́tà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àlàájì Múfú tú aṣọ, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀. Àwọn náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi tútù àti iyọ̀ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ pátápátá. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gbé e padà, wọ́n sì bú Bàbá lórí nǹkan mìíràn kí Bàbá má baà fura. Kò sí ìmáàmù, kò sí wòlíì, tó mọ àṣírí àdúgbò tó alágbàfọ̀. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ kan tẹ̀ lé òmíràn.

Lójijì, ẹ̀jẹ̀ dá. Gbogbo aṣọ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá mọ́ tónítóní. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá dúpẹ́, màá fi owó iyọ̀ ra nǹkan mìíràn. Àlàájì ò dúpẹ́. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n wá dúró de ìgbà tí Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá gọ́tà wá bá Mọ́mì mi.

"Ìyá Títí, ẹ bá mi wo oògùn Bàbá Télọ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Àlàájì?"

"Aṣọ wọn ti mọ́ jù."

Páálí oògùn wà níbẹ̀, oògùn inú rẹ̀ ń tán bó ṣe yẹ kó máa tán. Àlàájì ní kí wọ́n wá a dáadáa. Inú agolo bọ́tìnnì ni Mọ́mì mi ti bá àwọn oògùn náà, funfun láàárín bọ́tìnnì funfun. Bàbá ń yọ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń dà á síbẹ̀. Wọ́n pè mí, mo kúrò ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà láìgba àyè, mo dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pẹ̀lú ìbínú.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ò gbọdọ̀ wọ inú aṣọ Ọlọ́run."

"Ṣé Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró? Torí kò sọ fún àwa o! Ọwọ́ tẹ́ ẹ ní kó má ṣáájú yín lọ ńkọ́? Ṣé tí rọpárọsẹ̀ bá mú un, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rán aṣọ Ọlọ́run?"

Mọ́mì mi ní kí n rọra sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà. Bàbá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ẹnu àwọn ló wà lẹ́nu mi yẹn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àṣé wọn ò gbọ́ rárá.

Ìbínú wọn ṣubú lé Àlàájì. Wọ́n rò pé ojú fèrèsé ni Àlàájì ti ń yọjú wo inú dúrọ́ọ̀ àwọn. Olófòófó ni wọ́n pè é, níwájú gbogbo àdúgbò. Bí gọ́tà ṣe dákẹ́ nìyẹn. Bàbá á gbé aṣọ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i. Àlàájì á wá gbé e, wọ́n á máa kọrin bí ẹni pé igi ló wà lórí àga. Àwọn àgbà méjì! Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ṣé ẹnì kan kú ni, torí kò sí ẹni tó ń bú ẹnì kan ní òpópónà wa mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ń gé aṣọ, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ò di nǹkan kan mú. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mọ́mì mi wà nínú ilé ìdáná. Àlàájì, tó ń ṣe bíi pé àwọn ò wo ọ̀ọ́kán láti ìgbà ìjà, ló rí i. Àgbàlagbà yẹn fo gọ́tà! Èmi ò sí níbẹ̀, àwọn tó rí i ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n gbá Bàbá mú kó tó ṣubú, wọ́n pariwo, ọkọ̀ aládùúgbò kan dúró, wọ́n sì gba ọsibítù lọ láìdúró mu omi. Kí wọ́n tó débẹ̀, ọwọ́ ti ń padà. Nígbà tí wọ́n ń gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀, ẹnu náà ti tọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ni, "Múfú, o gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ aláṣọ."

Òótọ́ ni. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni ti jóná ráúráú.

Dókítà wa kékeré yẹ wọ́n wò títí, ó ya àwòrán orí. Ó ní rọpárọsẹ̀ náà kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, àmọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ti lọ. "Ó wá kan ilẹ̀kùn ni. Tó bá tún padà wá, ó lè má lọ mọ́." Ó wá bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n dá oògùn dúró. Bàbá yìí, tí ń fi ẹnu ja ayé, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Wọ́n sọ ti abẹ́rẹ́, wọ́n sọ ti sùtánà. Dókítà ò pariwo lé wọn lórí. Ó ní, "Bàbá, ẹ bo ìka yín. Tó bá gún yín, ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ títí á fi dá. Ẹ fi máṣíìnì rán ṣẹ́tí lọ́jọ́ tí ojú bá ń ṣú yín. Gbogbo ìyẹn la lè yí padà. Oògùn la ò lè yọ."

"Ti ẹ̀jẹ̀ tó bá kan aṣọ," ni Àlàájì dá sí i láti ẹnu ọ̀nà, "omi tútù àti iyọ̀ ni. Mo ti ń fọ̀ ọ́ tipẹ́."

Bàbá yí orí padà. "O mọ̀?"

"Ta lo rò pé ó ń fọ̀ ọ́, máláíkà?"

"O ò sì sọ?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Bàbá gbé ọwọ́ sójú. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń rín. Ẹkún ni. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹ̀rín. Wọ́n ní, "Múfú, Ìjẹ̀bú burúkú ni ẹ́."

Ìyókù ni ohun tó jẹ́ kí n máa fi Bàbá yangàn títí dòní. A rò pé wọ́n á máa bo ìka, Àlàájì á máa fọ aṣọ, ẹnu á sì máa dákẹ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, nígbà ìjẹ́rìí, Bàbá dìde. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Mọ́mì mi, láìwọ bàtà, àyà mi náà ń fò.

"Ẹ̀yin ará," wọ́n ní, "ẹ̀jẹ̀ mi ti kan aṣọ àwọn kan nínú yín. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ojú ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè máa kọrin níbí pẹ̀lú irọ́ lọ́fun. Ọkàn mi ń fò. Oògùn tí ò jẹ́ kó pa mí ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi pẹ́ kó tó dá. Mo dá a dúró nítorí yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọwọ́ mi. Mi ò ní dá a dúró mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n rán tòun mọ́, kó wá gbé aṣọ rẹ̀. Inú mi ò ní bàjẹ́."

Irọ́ ni ìyẹn. Inú wọn á bàjẹ́ débi tí oúnjẹ ò ní wọlé. Alàgbà ìjọ wo Bàbá, wọ́n tún wo ìsàlẹ̀ sùtánà tiwọn, a sì mọ ẹni tó rán an. Kí wọ́n tó lanu, Ìyá Dúpẹ́, tí ń bẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Télọ̀, fífò yẹn, báwo ló ṣe máa ń ṣe? Torí tèmi náà ò yé mi mọ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti jókòó. Nígbà tí wọ́n rí ohùn, wọ́n ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ lo oògùn yín, ẹ rán aṣọ wa, ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́. Àdúrà ló máa ṣe ìyókù." Lẹ́yìn ìsìn, ẹ wá wo àwọn àgbà ní ìta! Wọ́n tò síwájú Bàbá, olúkúlùkù na ọrùn-ọwọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọn ọwọ́ aṣọ fún wọn. Bàbá ń pariwo, "Èmi kì í ṣe dókítà o! Ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ!" Síbẹ̀ wọ́n ń dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dijú. Ìyá Dúpẹ́ lọ sí ọsibítù lóòótọ́. Ọkàn tiwọn náà ń fò, wọ́n sì ti wà lórí oògùn báyìí, wọ́n ṣì ń kọrin lókè réré. Àwọn kan wá gbé aṣọ wọn lọ o, mi ò ní purọ́. Bàbá ò dárúkọ wọn fún wa láéláé. "Aṣọ wọn ni," ni wọ́n wí.

Wọ́n fi awọ báàgì àtijọ́ rán ìbòka fún ara wọn. Àlàájì rí i, wọ́n kígbe láti òdìkejì pé, "Ẹ kú oríire, ọmọ iṣẹ́ tuntun!" Òpópónà wa padà bọ̀ sípò.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Àlàájì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn náà sì ní oògùn tó yẹ kí wọ́n máa lò láàárọ̀, tí wọn kì í fẹ́ lò. Wọ́n ní ara àwọn le. Bàbá ò gbà. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan áyọ́ọ̀nù tàbí kó wọ òwú sábẹ́rẹ́, Àlàájì á kọjá gọ́tà, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á di ọrùn-ọwọ́ ara wọn mú bí àwọn tó fẹ́ ja ìjàkadì. Bàbá á mu tiwọn. Wọ́n á wá dojú kọ Àlàájì, wọ́n á bú u tọmọtọmọ, títí dé Ìjẹ̀bú, kó tó gbé tiẹ̀ mì. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá jà. Bàbá ní, "Oògùn Múfú, ìbínú la fi ń mu ún."

Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i báyẹn. Ọdún tó dùn ni. Wọ́n rán aṣọ fún ìsàmì ọmọ-ọmọ Ìyá Dúpẹ́, wọ́n lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Iléṣà, wọ́n bá mi jà lórí gbogbo ọkùnrin tí mo mú wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an, wọ́n pè mí lórí fídíò láti sọ pé mo ti rù, wọ́n sì na ìka mọ́ mi, ìka ọwọ́ ọ̀tún, ó dúró ṣánṣán. Lọ́sàn-án wọ́n jẹun, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n sùn, wọn ò jí. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni, pé ọkàn náà ti ṣe tiẹ̀. Ẹkún pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, mo mọ̀ pé Bàbá àti ọwọ́ wọn jọ lọ ni, kò sí èyí tó ṣáájú, mo sì dúpẹ́ láàárín ẹkún.

Nígbà tí ìsìnkú parí tí àlejò lọ tán, mo lọ gbá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àlàájì kọjá gọ́tà wá. Wọ́n ní mo ń gbá eruku sójú àwọn. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́, wọ́n na ọrùn-ọwọ́ sí mi.

"Àlàájì, mi ò mọ̀ ọ́n wò o."

"Dì í mú ṣáá."

Mo jókòó tì wọ́n, mo dì í mú. Ó ń lù lábẹ́ ìka mi, mi ò mọ̀ bóyá ó dáa tàbí kò dáa.

"Ṣé ẹ ti lo oògùn yín láàárọ̀ yìí?"

"Rárá."

"Àná ńkọ́?"

"N ò lò ó."

"Àlàájì! Láti ìgbà wo?"

Wọ́n yíjú sí òpópónà. "Láti ọjọ́ tó ti lọ. Mo ń dúró kí ẹnì kan bínú sí mi ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bínú. Mo dìde, mo bú wọn bí mi ò ṣe bú àgbàlagbà rí, mo bú agídí wọn, mo bú áyọ́ọ̀nù wọn, mo bú sítáàṣì wọn, mo dé Ìjẹ̀bú lódindi, omi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ará ilé ọ̀tún jáde wá wò. Mọ́mì mi yọjú, wọ́n padà wọlé. Àlàájì wò mí títí mo fi dákẹ́. Wọ́n mú oògùn kan jáde láti àpò, wọ́n gbé e mì, wọ́n mu omi tẹ̀ lé e.

"Ọ̀la ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní màá pè wọ́n lórí fóònù.

"Ìbínú orí fóònù," wọ́n ní, "kò ṣeé fi mu oògùn."

Láti ọjọ́ náà, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo kọ́kọ́ ń lọ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.